Onísọ́míìlì ní agbẹnusọ, káfíńtà ní agbẹnusọ: ta ni agbẹnusọ àgbẹ̀ tó tọ́jú igi?

 

Lónìí, a kò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a kò sì sọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ igi gẹdú la gbé wá. Bí a ṣe ń lọ láti oko dé oko, ìbéèrè kan ń tẹ̀lé wa kiri: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé èmi ni mo ni igi tó wà lóko mi, àbí ìjọba ló ni ín?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ló ni nǹkan á tọ́jú ẹ̀. Ẹni tí kò bá dá lójú, àdá ló máa fi kí i. A ti rí i lóko kòkó ju ẹyọ kan lọ: ọmọ ìrókò tó ga tó èèyàn, tí ara ẹ̀ ń dán, àgbẹ̀ á gé e dànù. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Bó bá dàgbà tán, àwọn agégẹdú ló máa wá gbé e lọ. Orí kòkó mi ló máa wó lé. Kí ni tèmi níbẹ̀?"

Ẹ má pe ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀kan. Ó ti ṣírò ẹ̀, ìṣirò ẹ̀ sì yé wa. Ètò tó wà nílẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ nìyí, láìfepo-bọyọ̀: iṣẹ́ igi ní Nàìjíríà kò lè dúró bí ẹni tó ń tọ́jú igi kò bá ní ìpín tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà nínú owó igi, tí kò sì ní àyè níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin igi.

Ẹ má rò pé à ń bá àwọn oníṣẹ́ igi jà o. Rárá. Ẹ wo iye èèyàn tó ń jẹun lórí gẹdú kan ṣoṣo: ẹni tó gé e, àwọn tó yí i dé ojú ọ̀nà, awakọ̀ lọ́rì, onísọ́míìlì, ẹni tó ń ta pákó, káfíńtà, ẹni tó ń kan òrùlé, títí dé ìyá tó ń kó ìyẹ̀fun pákó lọ dáná. Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá l'Ékòó á ti rí Òkòbàbà rí ní Èbúté-Mẹ́tta, níbi tí gẹdú ti máa ń léfòó lórí ọ̀sà tẹ́lẹ̀, tí èéfín sì máa ń rú. Iṣẹ́ ńlá ni. Ilé tí a ń gbé, bẹ́ẹ̀dì tí a ń sùn lé, àga ìjọ àti àga iléèwé, igi ni.

Kódà, àwọn tó ń ta igi ní London, orúkọ tí àwọn baba ńlá wa sọ igi ni wọ́n fi ń pè é títí dòní: iroko, opepe, idigbo, afara. Orúkọ wa ti dé ọjà ayé. Owó wa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo bọ́rọ̀ ṣe débí. Ọdún 1899 ni ìjọba amúnisìn ya igbó Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, sọ́tọ̀ bí igbó ọba. Òun ni àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni igbó ọba Omo ní Ìjẹ̀bú, Olúwa ní Òǹdó, Ṣáṣá ní Ọ̀ṣun àtàwọn yòókù. Lọ́dún 1954, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó sílẹ̀ n'Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí FRIN báyìí. Lọ́dún 1978, òfin ilẹ̀ dé, ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Igbó ọba náà, lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Láwọn ìpínlẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ gé gẹdú, ì báà jẹ́ lórí oko àgbẹ̀, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kó sì sanwó.

Nínú gbogbo ètò yìí, ìjọba mọ iye tí òun ń gbà. Kọ́ńtírátọ̀ mọ iye tí òun ń pa. Àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún pé, "Ẹ jẹ́ ká fún yín ní nǹkan, bàbá." Nǹkan wo? Iye tó bá wu olùrà ni. Nígbà míì, owó igi mẹ́ta kò tó owó kòkó tí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wó mọ́lẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Gẹdú àti pákó tí wọ́n là wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó jáde nílẹ̀ yìí. Ìdí ẹ̀ dáa: kí sọ́míìlì ilé rí igi là, kí ọ̀dọ́ ríṣẹ́ ṣe, kí igbó má baà tán. Ọ̀pọ̀ àga àti tábìlì tí wọ́n kàn lókè òkun náà wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n má kó wọlé. Ìdí ìyẹn náà dáa: kí káfíńtà wa rọ́jà tà. Òfin àkọ́kọ́ ń dáàbò bo onísọ́míìlì. Òfin kejì ń dáàbò bo káfíńtà. Èwo ló wá ń dáàbò bo ẹni tó fi ogún ọdún tọ́jú igi lóko?

Ó tún kù síbì kan. Bí wọn ò bá jẹ́ kí gẹdú jáde, olùrà tó kù kò pọ̀, owó gẹdú nílé á wálẹ̀. Ta ló ń ru ẹrù yẹn? Ẹni tó ni igi ni. A kò sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí gẹdú máa lọ. Bí wọ́n bá ṣí i, kí ló máa kù nínú igbó wa? Ohun tí a ń sọ ni pé bí àgbẹ̀ bá ń forí ti nǹkan kí iṣẹ́ lè wà nílùú, ó yẹ kí wọ́n dá nǹkan padà fún un: ọmọ igi ọ̀fẹ́, ìwé tó fi hàn pé òun ló ni igi tó gbìn, àti iye owó tó ṣe pàtó tí ẹnikẹ́ni kò ní lè rẹ́ lórí.

Àwọn onísọ́míìlì ní ẹgbẹ́. Àwọn tó ń ta pákó ní ẹgbẹ́. Àwọn káfíńtà ní ẹgbẹ́. Bí ìjọba bá fowó kún owó àṣẹ lónìí, wọ́n á ti wà lẹ́nu ọ̀nà kọmíṣọ́nnà lọ́la. Ẹ̀tọ́ wọn ni, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Àgbẹ̀ tó ní ìrókò mẹ́fà lóko ńkọ́? Òun nìkan ló dúró. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n lọ́rọ̀ igi, wọ́n ti ń fá orí àgbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò tí àwọn onímọ̀ igbó ń pè ní taungya. Ilẹ̀ Burma ni orúkọ ẹ̀ ti wá, wọ́n sì ti lò ó gan-an nínú àwọn igbó ọba wa. Ìjọba á fún àgbẹ̀ nílẹ̀ nínú igbó ọba. Àgbẹ̀ á gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí iṣu, á sì máa tọ́jú ọmọ gmelina, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní mẹ̀láínà, tàbí ọmọ tíìkì tó wà láàárín ẹ̀. Bí igi bá ti ga, tí ewé ẹ̀ pàdé lókè, tí oòrùn kò wọlẹ̀ mọ́, bí ọdún méjì sí mẹ́ta, àgbẹ̀ á kó ẹrù ẹ̀, ó di ibòmíràn. Ó jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igi tó bá wọn ro, tó bá wọn lé màlúù kúrò lórí ẹ̀, bí wọ́n bá tà á lọ́jọ́ iwájú, kọ́bọ̀ kò kàn án.

Ẹ wá rò ó wò. Bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń bọ̀ lápá ibẹ̀, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ á sáré? Ọmọ igi tó ń ṣíji bo ẹ̀gẹ́ ẹ̀, ọ̀tá ẹ̀ ni. Bí ọmọ igi bá kú, oko ẹ̀ pẹ́ sí i nílẹ̀ yẹn. Ètò tó sọ ikú igi di èrè fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, báwo ni igbó ṣe máa yè níbẹ̀?

Ghana náà jẹ irú ìyà yìí. Òfin wọn ti ọdún 1962 fi gẹdú sí ìkáwọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn, àwọn àgbẹ̀ kòkó wọn náà sì ń pa ọmọ igi lóko. Lọ́dún 2002, wọ́n tún taungya tò. Nínú owó igi tí àgbẹ̀ bá bá wọn gbìn tó sì tọ́jú nínú igbó ọba, nínú 100 náírà, ká kàn fi náírà ṣàpẹẹrẹ, 40 jẹ́ ti àgbẹ̀, 40 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó, 15 jẹ́ ti àwọn onílẹ̀, 5 jẹ́ ti ìlú tó wà létí igbó. A kò sọ pé gbogbo nǹkan ti dùn ní Ghana. Igi máa ń pẹ́ kó tó tó gé, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun kó tó dìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, àgbẹ̀ mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀ kó tó gbé ọkọ́ sọ́wọ́. Oko kì í jẹ́ ti baba àtọmọ kó má ní ààlà. Ti ìjọba àti àgbẹ̀ ni kò wá ní ní?

Ẹlòmíì á ní, "Tí ẹ bá fún àgbẹ̀ ní ìpín, gbogbo ayé á ya wọ igbó ọba." Ẹ gbọ́, wọ́n ti wà níbẹ̀. Oko kòkó wà nínú igbó ọba káàkiri, gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó wọlé láìgba àṣẹ, tó ń dáná sun igbó, a kò ní gbè é lẹ́yìn láéláé. Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó mélòó ni ìjọba fẹ́ gbà tó máa lè yí igbó Omo ká? Igbó yẹn lé ní 130,000 hẹ́kítà! Àgbẹ̀ tó ní ìpín nínú igi, òun gan-an ni aṣọ́gbó tí kò gba owó oṣù.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú igbó Omo àti Olúwa. Gmelina rẹpẹtẹ ni wọ́n gbìn síbẹ̀ nítorí àtiṣe bébà ní Ìwópin. Wọ́n ná owó ńlá. Ilé-iṣẹ́ bébà yẹn kò ṣiṣẹ́ débi tí wọ́n fojú sí. Igi ti dàgbà, olùrà tí wọ́n torí ẹ̀ gbìn ín kò sí, ó di pákó lọ́wọ́ ẹni tó bá lè gé e. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ìjọba ni pé igi láìsí ọjà, ìnáwó lásán ni. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún àgbẹ̀ ni pé ẹ má gbin irú igi kan ṣoṣo fún olùrà kan ṣoṣo.

Ó dáa. Kí ìjọba tó gbọ́, kí ni àwa fúnra wa lè ṣe?

Èkíní, ẹ kọ igi yín sílẹ̀. Igi tí ẹ gbìn yàtọ̀ sí igi tó lalẹ̀ hù. Ẹ kọ irú igi, iye ẹ̀, ọdún tí ẹ gbìn ín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kí ẹ tọ́jú rísíìtì ibi tí ẹ ti ra ọmọ igi. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì igbó ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gé e. Ẹ̀yin oníkòkó, àwọn tó ń rà á lọ sí Europe ti ń bá yín ya àwòrán oko sórí fóònù, nítorí òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2023. Òfin yẹn ní kòkó àti igi kò gbọdọ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó orí ẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020. Ẹ gba ẹ̀dà àwòrán yẹn lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń ṣẹ̀rí kòkó yín lè ṣẹ̀rí igi yín náà.

Èkejì, ẹ má fi ojú ta igi. Ẹ mú téèpù télọ̀ tàbí okùn. Ẹ wọn mítà 1.3 láti ilẹ̀, ibi tó bá àyà àgbà mu, kí ẹ fi okùn yí igi ká níbẹ̀. Bí ìdí ẹ̀ bá yọ ìyẹ́ bíi ti àràbà, òkè ibi tí ìyẹ́ parí sí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ wá gbọ́ àṣírí kan. Igi méjì, gígùn wọn dọ́gba ní mítà 8. Ìyíká ọ̀kan jẹ́ mítà 1.2, ti èkejì jẹ́ 2.4. Olùrà á ní, "Bàbá, mo fún yín ní ìlọ́po méjì." Ẹ má gbà! Ìlọ́po mẹ́rin ni pákó tó wà nínú ẹ̀. Ẹ fi ìyíká sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, ẹ pín in sí 12.57, kí ẹ tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀. Àkọ́kọ́ á fún yín ní nǹkan bí 0.92 kúbíìkì mítà, èkejì á fún yín ní nǹkan bí 3.67. Igi máa ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè, nítorí náà iye gidi á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ lọ sí sọ́míìlì méjì, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ra irú gẹdú yẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ̀wé. Kí ẹ̀rọ agégi tó dún lóko yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gé e. Ẹ jọ ka kòkó tó wà lójú ibi tí igi máa wó sí. Ẹ kọ iye tó máa san lórí kòkó kọ̀ọ̀kan tó bá bàjẹ́, ẹ kọ apá ibi tó gbọ́dọ̀ wó igi sí, ẹ kọ ọ̀nà tí lọ́rì máa gbà wọlé. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Owó kòkó lọ́tọ̀, owó igi lọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pò ó pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbin igi. Ẹ má jẹ́ ká kàn máa pín èyí tó kù. Igi tí àwọn bàbá wa kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, àràbà gan-an, sọ́míìlì ti ń là á báyìí. Oko hẹ́kítà kan tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní mítà 100, ààlà ẹ̀ yíká jẹ́ mítà 400. Bí ẹ bá gbin tíìkì kan sí mítà mẹ́rin-mẹ́rin, igi 100 nìyẹn, láìgba àyè oúnjẹ púpọ̀. Ẹ fi tó aládùúgbò yín létí, kí igi yín má baà di ìjà ààlà. Tíìkì kò fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró lé, ewé gbígbẹ ẹ̀ sì máa ń tètè gbaná, torí náà ẹ máa ro ìdí ẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Láàárín kòkó, ẹ fi tíìkì sílẹ̀. Afàrà àti ìdígbó ló dáa fún ìbòji níbẹ̀, ẹ fi àyè tó fẹ̀ sáàárín wọn.

Ẹ̀karùn-ún ló wá ṣe pàtàkì jù: ẹ jọ sọ̀rọ̀. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, ẹgbẹ́ oníkòkó wà, ẹ kò nílò láti dá òmíràn sílẹ̀. Ẹ kàn yan ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ yín, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí wọ́n máa rí sí ọ̀rọ̀ igi. Kí wọ́n ní àkọsílẹ̀ iye igi tó wà lóko ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tí wọ́n tà á. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá pe ìpàdé lórí igbó, kí àwọn méjì yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà wá sípàdé, wọn kì í lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin onísọ́míìlì tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí náà, ẹ má bínú sí wa. Bí àgbẹ̀ bá ń gé ọmọ ìrókò dànù lónìí, kí ni ẹ̀rọ yín máa là ní ọdún 30 sí i? Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ bá ìjọba lórí owó àṣẹ, ẹ mú àgbẹ̀ lọ́wọ́ dání. Ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ lẹ iye tó jẹ́ ti ẹni tó ni oko mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì igbó níbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí ẹ sì kọ ìpín àgbẹ̀ sínú àdéhùn taungya. Kò ná yín ní owó báyìí. Ọjọ́ tí igi bá tó gé ni ẹ ó san án, látinú owó igi náà.

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé. Àgbẹ̀ tó ni igi ti ká ọwọ́ sáyà tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta igi lóko yín rí, ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ ibí: irú igi wo ni, báwo ló ṣe tóbi tó, èló ni wọ́n fún yín, ṣé wọ́n sanwó kòkó tó bàjẹ́? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìjà kọ́ la wá. A fẹ́ kó iye yẹn jọ, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín má baà dúró níwájú olùrà lọ́wọ́ òfo.